Ohun Tí Ojú Rí Ni Kí Ọwọ́ Kọ

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wà tó jẹ́ pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni wọ́n ń wá. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n á máa wọ̀n ọ́n lọ, tí wọ́n á máa tún un wọ̀n, títí ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí yóò fi yọjú níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì yìí kì í sábà ní òkìkí. Ọmọ tó bá ní òun fẹ́ di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, rọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí oògùn àrùn ló wà lọ́kàn rẹ̀. N kò tí ì pàdé èyí tó sọ fún mi pé òun fẹ́ fi gbogbo ayé òun mọ iye kan ṣoṣo dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tó ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn rẹ̀ ni mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní físíìsì kí wọ́n tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Albert Michelson ni orúkọ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wọ̀n.

Ní ọdún 1852 ni wọ́n bí i ní Strelno, ìlú kékeré kan tó wà lábẹ́ Prussia nígbà náà, tó sì wà ní Pólándì lónìí. Ọmọ kékeré ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ń ta ọjà fún àwọn tó ń wa góòlù ní Kalifọ́níà. Nígbà tí fàdákà yọ ní Nevada, ó kó ọjà rẹ̀ tẹ̀lé wọn lọ síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà tó láti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Annapolis, ẹlòmíràn ló gba àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Nevada. Kò jókòó sílé sunkún. Ó wá Ààrẹ Grant lọ sí Washington. Àyè tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ lè fún èèyàn ti kún, síbẹ̀ wọ́n fi tirẹ̀ kún un. Ọdún 1869 nìyẹn. Ó jáde níbẹ̀ ní 1873, ó wọkọ̀ ojú omi fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n dá a padà sí Annapolis láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì àti kẹ́místírì.

Ibi tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi gbọ́ dáadáa nìyí, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ló mú un débi tó dé. Ó fẹ́ fi han kíláàsì rẹ̀ bí Foucault, ará Faransé, ṣe wọn ìyára ìmọ́lẹ̀ ní 1862. Ọ̀nà náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ ta ìmọ́lẹ̀ sí dígí kan tó ń yí bíríbírí. Dígí yìí á ta á sí dígí mìíràn tó dúró sójú kan lókèèrè, èyí á sì dá a padà. Kí ìmọ́lẹ̀ tó padà dé, dígí tó ń yí ti kúrò díẹ̀ ní ibi tó wà, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ kò ní balẹ̀ síbi tó ti jáde. Bí ó ṣe yà kúrò níbẹ̀ tó ni yóò sọ bí ó ṣe yára tó. Ti Foucault kò yà tó mìlímítà kan, nítorí pé nǹkan bí 20 mítà péré ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rìn kó tó padà. Michelson gbé dígí kejì lọ sí nǹkan bí 600 mítà, létí ògiri tó dojú kọ omi ní Annapolis, tirẹ̀ sì yà tó 133 mìlímítà. Ohun tí ẹlòmíràn ń fi ìyọnu wá, tirẹ̀ ṣeé fi rúlà lásán wọ̀n. Dígí tó fi bẹ̀rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là mẹ́wàá lọ. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló wá fún un ní 2,000 dọ́là tó fi ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Iye tó rí ní 1879 ni 299,910 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó lè fi 50 lé tàbí kó fi 50 dín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé 50 yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Berlin, lọ́dọ̀ Helmholtz, ibẹ̀ ló sì ti ṣe irinṣẹ́ tó mú orúkọ rẹ̀ wà títí dòní, èyí tí wọ́n ń pè ní interferometer. Dígí kan tí wọ́n fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn ló wà láàárín rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án, ìdajì á kọjá, ìdajì á ṣẹ́ yà. Àwọn méjèèjì á gba ọ̀nà tó dá igun mẹ́rin-dọ́gba síra wọn, wọ́n á kan dígí lópin ọ̀nà wọn, wọ́n á padà wá pàdé. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Bí orí ìgbì bá pàdé orí ìgbì, ìmọ́lẹ̀ á tàn. Bí orí bá pàdé ìsàlẹ̀, òkùnkùn á ṣú. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń wò á rí ìlà títàn àti ìlà dúdú tó tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ọ̀nà kan bá fi ohun tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan gùn ju ìkejì lọ, àwọn ìlà náà á sún kúrò níbi tí wọ́n wà, ojú á sì rí i.

Ohun tó fẹ́ fi irinṣẹ́ yìí mú ni ether. Ní ayé ìgbà náà, àwọn onímọ̀ gbà pé bí ìró ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ rìn, ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ rìn, tó kún gbogbo òfuurufú. Ayé wa sì ń fi 30 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan yí oòrùn ká. Bí ether bá wà, ó yẹ kí atẹ́gùn rẹ̀ máa fẹ́ lù wá, kí ìmọ́lẹ̀ tó lọ tó bọ̀ lójú atẹ́gùn náà má sì dé lásìkò kan náà pẹ̀lú èyí tó gbà á kọjá ní ìbú. Alexander Graham Bell, ẹni tó ṣe tẹlifóònù, ló pèsè owó iṣẹ́ náà. Ariwo kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin ìgboro Berlin kò jẹ́ kí àwọn ìlà náà dúró, ni Michelson bá kó irinṣẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé ìwòràwọ̀ ní Potsdam ní 1881. Níbẹ̀ náà, bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mítà sí ilé náà, gbogbo ìlà á pòórá. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. Kò rí atẹ́gùn kankan. Àwọn onímọ̀ mìíràn, Lorentz wà lára wọn, wá tọ́ka sí i pé nínú ìṣirò rẹ̀, ohun tó ní òun yẹ kí òun rí ti di ìlọ́po méjì bó ṣe yẹ kó jẹ́. Àfi kí ó tún un ṣe.

Ní 1887, ní Cleveland, òun àti Edward Morley, tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́místírì, tún un ṣe. Wọ́n gbé òkúta ńlá kan tó tó mítà kan àbọ̀ ní ìbú àti ní òró léfòó sórí mákúrì, kí gbígbọ̀n ilẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn dígí tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lọ kó tún bọ̀ láàárín àwọn dígí náà títí ọ̀nà rẹ̀ fi gùn tó 11 mítà. Òkúta náà ń yí jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà ní ìyípo kan, ẹni tó ń wò sì ń bá a rìn yí ká láìdúró, láìgbójú kúrò, nítorí pé bí wọ́n bá dá a dúró, gbogbo nǹkan á dàrú. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bá iṣẹ́ mu ju ibẹ̀ lọ. Ìṣirò sọ pé kí ìlà sún ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àlàfo tó wà láàárín ìlà méjì. Ohun tí wọ́n rí kò tó ìdá kan nínú ogún èyí tí wọ́n ń retí.

Ẹ gbé ara yín sípò rẹ̀. Kò tí ì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ó ti lo ọdún mẹ́fà lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, gbogbo àwọn àgbà iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ti mọ ìdáhùn tó yẹ kó mú wá. Ohun tó mú wá ni pé òun kò rí nǹkan kan. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Títí ó fi darúgbó, ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára ether. Ṣùgbọ́n ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó fi orúkọ rẹ̀ sí i, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan ń wá àlàyé tí yóò dá ether sí. Nígbà tí Einstein wá sọ ní 1905 pé ìyára ìmọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí onítọ̀hún máa sáré tó, òfo tí Michelson àti Morley bá bọ̀ wá di ẹ̀rí tí àwọn olùkọ́ ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Mo máa ń ronú pé ká ní ó fi ọwọ́ rọ iye yẹn díẹ̀, kí ó lè sún mọ́ ohun tí àwọn àgbà ń fẹ́, bóyá wọn ì bá yìn ín lọ́dún yẹn, ẹnikẹ́ni kì bá sì mọ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Kò jókòó ti òfo yẹn. Ó gbé irinṣẹ́ kan náà lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ní 1892 sí 1893, wọ́n pè é wá sí Sèvres, lẹ́bàá Párìsì, níbi tí wọ́n tọ́jú ọ̀pá irin tó jẹ́ òdiwọ̀n mítà fún gbogbo ayé. Ó ka iye ìgbì ìmọ́lẹ̀ pupa kádímíọ̀mù tó wà nínú mítà kan: 1,553,163.5. Ọ̀pá irin lè jóná, ó lè tẹ̀, wọ́n lè jí i gbé. Ìmọ́lẹ̀ kádímíọ̀mù rí bákan náà níbi gbogbo. Iṣẹ́ wọ̀nyí àti irinṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dárúkọ nígbà tí wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ní 1907, òun sì ni ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn náà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1920, nígbà tó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, òun àti Francis Pease gbé dígí sórí awò ìwòràwọ̀ ńlá tó wà lórí òkè Mount Wilson ní Kalifọ́níà, wọ́n sì wọn ìbú ìràwọ̀ pupa tí à ń pè ní Betelgeuse. Yàtọ̀ sí oòrùn wa, kò sí ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti wọn ìbú rẹ̀ rí ṣáájú ìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, irinṣẹ́ tí ètò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Michelson, tí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó kìlómítà mẹ́rin, mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ìgbì agbára òòfà láti ibi tí ihò dúdú méjì ti kọlu ara wọn kọjá lára ayé wa. Ohun tó yí padà nínú kìlómítà mẹ́rin náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìbú proton. 

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí 50 tí mo ní kí ẹ má gbàgbé. Michelson kò fi ìyára ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú. Ní 1926, ó ta ìmọ́lẹ̀ láti Mount Wilson sí òkè mìíràn tó wà ní nǹkan bí 35 kìlómítà, ó sì rí 299,796. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun lè fi 4 ṣìnà. Lónìí a mọ̀ pé 299,792.458 ni. Èyí túmọ̀ sí pé ní 1879 ó fi nǹkan bí 118 kọjá, ìyẹn ju 50 tó fi sílẹ̀ fún àṣìṣe lọ. Ní 1926 ó fi ohun tí kò tó 4 kọjá, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ọkùnrin yìí fi ayé rẹ̀ ṣe, ìdáhùn mi ni pé ó sọ 50 di 4, ó sì kọ́ bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n àìmọ̀ ara ẹni.

Nígbà tó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1931, ó ṣì ń wọ̀n ọ́n, nínú páìpù gígùn kan tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Páìpù náà tó máìlì kan. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló parí rẹ̀, wọ́n sì rí 299,774. Ohun tó tẹ̀lé ìyẹn ló máa ń dùn mọ́ mi jù láti rò. Àwọn mìíràn tún wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọ̀nà tó yàtọ̀, tiwọn náà sì ń bọ́ sí àyíká ibẹ̀. Ní 1941, Raymond Birge kó gbogbo wọn jọ, ó yọ 299,776, ó ní kò lè fi ju 4 ṣìnà. Ó fi 16 ṣìnà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Louis Essen ní Teddington, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà tirẹ̀. Iye tó rí kò bá ti àwọn tó ṣáájú mu, ṣùgbọ́n kò fà á wálẹ̀ kó lè bá wọn dọ́gba. Ní 1950, 299,792.5 ló tẹ̀ jáde. Òun ló tọ̀nà.

N kò rò pé ẹnikẹ́ni parọ́ láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iye tí o rí bá jìnnà sí ti àwọn àgbà, o máa tú irinṣẹ́ rẹ palẹ̀, o máa wá àṣìṣe, o máa rí ọ̀kan, nítorí pé àṣìṣe kì í wọ́n. Bí ó bá sún mọ́ tiwọn, ọkàn rẹ balẹ̀, o dáwọ́ dúró, o ò tún wá nǹkan kan mọ́. Àṣìṣe tó bá gbè sí ẹ̀yìn àwọn àgbà, ibẹ̀ ló máa wà.

Ohun tí mò ń rí nínú láàbù ilé ìwé nìyẹn gẹ́lẹ́. Práktíkà kan wà tí gbogbo ọmọ tó bá ń múra sílẹ̀ de WAEC gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ gbé dígí onígun mẹ́rin sórí bébà, ẹ gún píìnì níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fa ìlà, ẹ wọn igun tí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé àti èyí tó fi tẹ̀ nínú dígí. Ìdáhùn rẹ̀, ìyẹn iye tó sọ bí dígí ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó, wà nínú ìwé: 1.5. Kí píìnì tó wọ bébà, àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Torí náà, 1.5 ni gbogbo wọn máa ń rí, pàápàá àwọn tí kò wo inú dígí rárá. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń ti ẹ̀yìn ìdáhùn wá sí ìbẹ̀rẹ̀, kí igun lè bá a mu.

Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kan gbé ìwé rẹ̀ wá, 1.44 ló wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ wà lórí tábìlì kan náà ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bi í bóyá ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Mo tún un wọ̀n, Sà. Ohun tí mo ń rí nìyẹn." Mo jókòó tì í, mo bá a wọ̀n ọ́n, èmi náà rí ohun tó jọ tirẹ̀. Àfi ìgbà tí mo gbé protractor rẹ̀ lé ti èmi. Òdo tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ó ti yẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ta. Protractor yẹn kan náà ni gbogbo tábìlì náà ń lo. Gbogbo àwọn yòókù sì ti rí 1.5.

Ó dà bí ìgbà tí oníṣòwò bá lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú: òkè á kún dáadáa, ojú á rí i, kò sẹ́ni tó máa yí i dé wò. Irinṣẹ́ tó ní àléébù kò lè fúnni ní ìdáhùn tó tọ́. Bí ìdáhùn tó tọ́ bá ti ara rẹ̀ jáde, ẹnì kan ló fọwọ́ sí i. Ọmọ tó kọ 1.44 nìkan ló sọ òótọ́ fún wa nípa protractor náà, láìmọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. Nǹkan tó ṣe fún wa nínú láàbù kò yàtọ̀ sí ohun tí òkúta Cleveland ṣe fún àwọn tó gba ether gbọ́.

Ní 1983, àwọn tó ń bójú tó òdiwọ̀n àgbáyé pinnu pé kò ní sí ẹni tó máa wọn ìyára ìmọ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 299,792,458 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsí lílé, láìsí dídín, wọ́n sì ń ti ara rẹ̀ sọ ohun tí mítà jẹ́. Iṣẹ́ Michelson parí pátápátá lọ́jọ́ náà, irú ìparí tí iṣẹ́ èèyàn kì í sábà ní. Ohun tí kò parí ni ìwà tó fi ṣe é: kí èèyàn kọ ohun tó rí, kí ó sì kọ ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ lè fi ṣìnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ètò ìdánwò wa kò fi ìwà yìí kọ́ni. Ẹni tó bá rí ìdáhùn inú ìwé là ń fún ní máàkì, a kì í bi í bó ṣe rí i, ó sì ń yà wá lẹ́nu lẹ́yìn ọdún mélòó kan nígbà tí àwọn ọmọ kan náà bá dé ọ́fíìsì tí wọ́n ń kọ iye tí ọ̀gá ń fẹ́ kà. Nínú láàbù tèmi, mo ti yí i padà. Ẹni tó bá kọ 1.44, tó fi ibi tó ṣeé ṣe kí àṣìṣe ti wọlé hàn, máàkì tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó kọ 1.5 láìlè ṣàlàyé. Àwọn òbí kan ti wá bá mi jà lórí rẹ̀. Mo ń sọ ìtàn Michelson fún àwọn náà.